Bẹ́ ẹ ṣe máa fọ abẹ́ mọ́tò tòkúnbọ̀ tí ẹrẹ̀ àti gírísì ti lẹ̀ mọ́ pinpin

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa mọ́tò lọ sóko, tẹ́ ẹ ń gba ọ̀nà Ìsẹ́yìn, Ṣakí, Ìgbòho, tàbí tẹ́ ẹ kàn ń gbé ládùúgbò tí wọn ò tíì da ọ̀dà sí títì ẹ̀, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ máa ń fọ ara mọ́tò, ẹ máa ń nu gíláàsì, ẹ máa ń fi nǹkan dán táyà, ìgbà wo lẹ wá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀ kẹ́yìn? Nígbà tí mo ra Camry 2004 tèmi, èyí tí wọ́n ń pè ní Big Daddy, ọwọ́ ẹnì kan tó ti ń fi lọ sóko láti ọdún mẹ́rin ni mo ti rà á. Ọjọ́ tá a gbé e sórí kòtò ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, mi ò rí irin rárá, ilẹ̀ pupa ni mo rí lókè orí mi. Ẹrẹ̀ tó ti gbẹ bíi bíríkì ló bo gbogbo ẹ̀, láwọn ibì kan ó nípọn tó ìka méjì, abẹ́ ẹ́ńjìnnì ló wá burú jù torí ẹrẹ̀ ibẹ̀ ti mu ọ́ìlì yó, ó ti dúdú, ó ń dán. Mẹkáníìkì mi na tọ́ọ̀ṣì sí i títí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ́ìlì ń jò lóòótọ́, àmọ́ mi ò lè sọ ibi tó ti ń jò fún yín, torí gbogbo ibẹ̀ ló tutù." Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ẹni tí ò bá fọ abẹ́ mọ́tò, kò tíì mọ mọ́tò tó rà.

Torí náà kì í ṣe tìtorí ẹwà la ṣe ń fọ̀ ọ́ o. Ẹrẹ̀ máa ń di omi mú. Òjò á dá, oòrùn á ràn, òde ara mọ́tò á gbẹ, ṣùgbọ́n omi ṣì wà nínú ẹrẹ̀ tó há sí kọ̀rọ̀ yẹn fún ọjọ́ mélòó kan, ibẹ̀ ni ìpẹtà á ti máa jẹ irin díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Ẹrẹ̀ tó bá gbẹ sínú ríìmù náà ń kó báni, tẹ́ ẹ bá ti ń sáré tó 80 tàbí 100 km ní wákàtí kan, sìtíárìn á bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n lọ́wọ́ yín, ẹ̀ẹ́ sáré lọ ṣe balancing, nígbà tó jẹ́ pé ẹrẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan ló ń da ríìmù yẹn láàmú. Mọ́tò tó wá láti ibi tí yìnyín ti ń já bọ́, bíi Kánádà àti apá àríwá Amẹ́ríkà, iyọ̀ ni wọ́n máa ń dà sí títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ yẹn á wọ gbogbo abẹ́ mọ́tò, irin á sì ti máa dípẹtà kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi bọ̀ níbí. Àwọn kan tó ń tà á á wá fọ́n ọ̀dà dúdú lé ìpẹtà náà lórí, ẹ̀yin á rò pé abẹ́ ẹ̀ mọ́.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ìdọ̀tí tẹ́ ẹ fẹ́ bá jà

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe. Wọ́n á kàn da ọṣẹ lé gbogbo ẹ̀, wọ́n á máa ha á. Ẹ bu omi díẹ̀ sọ́wọ́, kẹ́ ẹ fi ta ibi tẹ́ ẹ fẹ́ fọ̀. Tó bá mu omi náà, tí àwọ̀ ẹ̀ yí padà, ẹrẹ̀ lásán nìyẹn, omi púpọ̀ àti sùúrù ni oògùn ẹ̀, kò tiẹ̀ nílò ọṣẹ. Tí omi náà bá ṣù jọ tó ń yí dànù bí ìgbà tí omi bá bọ́ sórí ewé kókò, gírísì àti ọ́ìlì ló pò mọ́ iyanrìn, omi lásán ò lè ṣe nǹkan kan fún un títí láé, ọṣẹ tó ń gé ọ́ìlì ló máa gbọ́.

Àwọn méjì míì wà tí kò wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀dà títì máa ń ta sí abẹ́ ẹnu ọ̀nà àti ẹ̀yìn táyà, ẹ rẹ aṣọ àkísà sínú kẹrosíìnì díẹ̀, ẹ fi lé e fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ nù ún, ẹ fi ọṣẹ fọ ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Sìmẹ́ǹtì ńkọ́, fáwọn tí mọ́tò wọn ń wọ ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé? Ẹ má fi irin gbẹ́ ẹ o. Ẹ rẹ àkísà sínú fínígà, ẹ fi bò ó mọ́lẹ̀, ẹ máa rẹ ẹ́ léraléra títí tó fi máa rọ̀, lẹ́yìn náà ẹ fi omi ṣàn án dáadáa. Mo ti rí ẹni tó ń fi omi bátìrì pa á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò, ásíìdì yẹn á jẹ aluminium gíábọ́ọ̀sì, á jẹ ọwọ́ yín, tó bá sì ta sójú, ojú lè fọ́.

Ohun tẹ́ ẹ máa kó jọ

Kò pọ̀. Ọ̀sì omi (hose) tó gùn dáadáa, bókítì méjì, ọṣẹ olómi tí wọ́n fi ń fọ àwo tàbí ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun, degreaser, ìyẹn ọṣẹ tó ń gé ọ́ìlì, tí wọ́n ń tà níbi tí wọ́n ti ń ta spare parts (èyí tí wọ́n kọ sí ara ẹ̀ pé wọ́n lè fi omi ṣàn dànù ni kẹ́ ẹ rà). Búrọ́ọ̀ṣì oníke tó le, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó, búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé kan tẹ́ ẹ máa fi kun degreaser. Ẹ gé pákó pẹlẹbẹ kan, kẹ́ ẹ fá ẹnu ẹ̀ kó mú díẹ̀, èyí dáa ju gbogbo irin ìha tẹ́ ẹ lè rà lọ, mo máa sọ ìdí ẹ̀ níwájú. Ẹ mú ẹyọ igi ìgbálẹ̀ mẹ́ta mẹ́rin náà. Àpò kòkó tó ti gbó, méjì tàbí mẹ́ta, èyí tó jẹ́ ti òwú ìdọ̀họ o, kì í ṣe àpò ìrẹsì onínáílọ́ọ̀nù, torí onínáílọ́ọ̀nù ò lè mu omi. Tọ́ọ̀ṣì, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, awò tó bo ojú pátá, ìbomú, àti fìlà tẹ́ ò kọ̀ kó bàjẹ́.

Ìbomú yẹn, ẹ má fojú di í. Eruku tó gbẹ lábẹ́ mọ́tò àtijọ́, pàápàá nítòsí bíréékì, kò dáa kéèyàn fà á símú, àwọn páàdì bíréékì kan láyé ọjọ́un ní asbestos nínú. Ẹ kọ́kọ́ rin ibẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ má sì fi kọ̀mpúrẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ.

Ẹ má wọ abẹ́ mọ́tò tí jáàkì nìkan gbé

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbí torí ẹ̀mí ò láàrọ̀. Camry bíi tèmi wúwo tó nǹkan bíi 1,400 kg. Jáàkì lè jò, ó lè yẹ̀, ilẹ̀ lè rì lábẹ́ ẹ̀. Jáàkì fi ń gbé mọ́tò sókè ni, kì í ṣe òun ló máa gbé e dúró. Ẹ wá ilẹ̀ tó le tó sì tẹ́jú, kọnkéré ló dáa jù, ẹ má ṣe é lórí ilẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ da omi sí tó máa di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ lábẹ́ yín. Ẹ fa háńbíréékì, ẹ fi jíà sí P, tó bá jẹ́ onímánúà ẹ fi sí jíà kìíní, ẹ fi pákó tàbí òkúta ńlá há àwọn táyà tí kò ní kúrò nílẹ̀, níwájú àti lẹ́yìn wọn. Ibi tí ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò sàmì sí fún jáàkì ni kẹ́ ẹ gbé, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ ti ìdúró irin bọ abẹ́ ẹ̀, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní stand, kẹ́ ẹ sọ mọ́tò kalẹ̀ lé e. Ẹ kó táyà tẹ́ ẹ bá tú sábẹ́ ẹ̀gbẹ́ mọ́tò náà, tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, orí táyà ló máa já lé, kì í ṣe orí yín.

Ẹ má lo búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì. Mo mọ̀ pé gbogbo èèyàn ló ń lò ó, àmọ́ búlọ́ọ̀kù kì í kìlọ̀ kó tó fọ́, ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa ń lọ. Tẹ́ ò bá ní stand, ẹ gbé mọ́tò lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ní kòtò, ẹ fún wọn lówó díẹ̀, kẹ́ ẹ lò ó láàárọ̀ kí àwọn oníbàárà tó dé. Kẹ́ ẹ tó wọlé sábẹ́ ẹ̀, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ti mọ́tò náà dáadáa láti ẹ̀gbẹ́, tó bá mì, ẹ tún un ṣe. Kí ẹnì kan wà nítòsí tó lè gbọ́ ohùn yín.

Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ ti tutù náà, ó kéré tán wákàtí méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá pa á. Sàlẹ́ńsà gbígbóná máa ń jó èèyàn jinlẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni kò dáa kẹ́ ẹ da omi tútù lé catalytic converter (èyí tó ń sẹ́ èéfín lójú ọ̀nà sàlẹ́ńsà) tó ṣì ń gbóná, ohun tó wà nínú ẹ̀ lè sán.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀

Gbogbo àṣírí iṣẹ́ yìí, ibí ló wà. Àwọn ọmọ kaawọ́ọ̀ṣì á gbé ẹ̀rọ olómi líle, wọ́n á bá ẹrẹ̀ gbígbẹ jà, wọ́n á lo omi tó kún dúrọ́ọ̀mù méjì, ìdajì ẹrẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ẹrẹ̀ gbígbẹ kì í gbọ́ agbára. Ẹ jẹ́ kó mumi.

Tí mọ́tò yín bá ní ike pẹlẹbẹ tó bo abẹ́ ẹ́ńjìnnì, ẹ kọ́kọ́ tú u, torí orí ike yẹn ni ẹrẹ̀ ń sùn sí jù. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò ẹ̀ kẹ́ ẹ tó tú u, ẹ kó nọ́ọ̀tì àti kílíìpù ẹ̀ sínú ife kan. Àwọn kílíìpù oníke yẹn ti máa ń gbẹ lára mọ́tò tòkúnbọ̀, wọ́n á ṣẹ́, ẹ ra tuntun bíi mẹ́wàá dání, kò wọ́n.

Ohun témi ń lò láti fi rin abẹ́ mọ́tò nìyí. Mo mú ọ̀sì tó ti gbó, tó gùn tó mítà méjì, mo fi ìṣó gbígbóná lu ihò sí i lápá kan, ihò kan sí èkejì bíi ìbú àtẹ́lẹwọ́, mo ká ẹnu ẹ̀ tó kẹ́yìn, mo fi wáyà dè é. Mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ lábẹ́ mọ́tò kí ihò kọjú sókè, mo so ẹnu kejì mọ́ táàpù, mo ṣí i díẹ̀ kí omi máa tú sókè bíi ìsun. Ogún ìṣẹ́jú, ẹ pa á. Ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí omi wọlé sínú ẹrẹ̀, ẹ tún ṣí i. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Àsìkò tẹ́ ẹ fi dúró yẹn ló ń ṣiṣẹ́ ju omi tó ń tú lọ, ẹ má fò ó. Tẹ́ ò bá ní táàpù tó ń yọ omi, ẹ fi agolo da omi sí i láti inú bókítì, kò burú. Ibi tó bá nípọn jù, ẹ rẹ àpò kòkó sómi, ẹ fi okùn so ó mọ́ ibẹ̀ kó lẹ̀ mọ́ ọn, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ tún bu omi sí i kẹ́ ẹ tó lọ sùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe é, mi ò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan nígbà tí mo gbọ́ gbì. Odindi ẹrẹ̀ gbàǹgbà kan ti já lulẹ̀ fúnra ẹ̀ láti orí irin ìdábùú tó gbé ẹ́ńjìnnì. Mo gbé e sókè, ó wúwo tó òkúta ìlọta kékeré, orí bóòtù mẹ́ta ti tẹ àmì sí ẹ̀yìn ẹ̀ kedere, mo sì rí i ní ìpele ìpele láti ẹ̀gbẹ́, pupa, eérú, pupa, eérú, bí ẹni to aṣọ. Ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò ọdún mẹ́rin ni mo gbé lọ́wọ́ yẹn.

Ìha, pẹ̀lú pákó

Ẹ dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tẹ́ ẹ fẹ́ ha, ẹ má wà lábẹ́ ẹ̀ gan-an, ẹ fi ẹnu pákó yẹn tì í láti òkè bọ̀ sísàlẹ̀ kó máa já sílẹ̀. Ìdí tí mo fi ní pákó ni pé irin á ha ọ̀dà tí ilé iṣẹ́ fi bo abẹ́ mọ́tò, ibi tó bá sì ti bó, ibẹ̀ ni ìpẹtà máa gbà wọlé. Ẹ̀kejì, páìpù bíréékì àti páìpù epo wà lábẹ́ níbẹ̀, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, ẹrẹ̀ á ti bò wọ́n, ẹ ò ní rí wọn. Ẹni tó bá ń fi screwdriver gún ẹrẹ̀ tí kò mọ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀, bíréékì ara ẹ̀ ló ń gún. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tún wà tó lọ sí ẹ̀yìn táyà kọ̀ọ̀kan fún ABS (ohun tí kì í jẹ́ kí táyà há tẹ́ ẹ bá tẹ bíréékì lójijì), ẹ fi ọwọ́ kan dì í mú tẹ́ ẹ bá ń ha ìtòsí ẹ̀.

Ibi tí ẹrẹ̀ bá kọ̀, ẹ má jà, ẹ tún rin ín, kẹ́ ẹ lọ síbòmíì kẹ́ ẹ padà wá. Ẹ lọ sínú ihò táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Etí irin ibẹ̀ ká sínú, ẹ fi ìka yín tó wà nínú ìbọ̀wọ́ tọ́ ọ yíká, ẹ̀ẹ́ bá ẹrẹ̀ tó dì síbẹ̀ bí ẹ̀kọ tó dì sínú ewé. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ mọ́tò ti kọ́kọ́ máa ń dípẹtà já síta.

Gírísì dúdú abẹ́ ẹ́ńjìnnì

Ẹ má da degreaser lé e báyìí o, owó yín lẹ ń dà nù. Ẹ tẹ́ páálí àti náílọ́ọ̀nù sábẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi pákó tàbí ike ha èyí tó nípọn kúrò ní gbígbẹ, títí tó fi máa ku pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ sára irin. Ẹ fi náílọ́ọ̀nù we alternator (ẹ̀rọ tó ń chájì bátìrì) àti ẹnu wáyà tó bá wà nítòsí. Ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé kun degreaser náà, ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ má jẹ́ kó gbẹ, ibi òjìji ni kẹ́ ẹ ti ṣe é. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì oníke gbo ó, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbo ìdí bóòtù àti kọ̀rọ̀kọ́rọ̀, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣàn án. Tí kò bá tán, ẹ tún un ṣe. Tèmi gbà á lẹ́ẹ̀mẹta.

Tí kò bá sí owó degreaser, ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun kún ife kan nínú omi gbígbóná lítà márùn-ún máa ṣe é, àmọ́ ẹ̀ẹ́ gbo ó pẹ́ dáadáa. Kẹrosíìnì àti dísẹ́ẹ̀lì ńkọ́? Wọ́n ń ṣiṣẹ́, mi ò ní parọ́, kò sí mẹkáníìkì tí ò fi fọ irin rí. Ohun tí mo rí sí i ni pé wọ́n ń ba rọ́bà jẹ́, rọ́bà bushing (èyí tó wà láàárín àwọn irin ẹsẹ̀ mọ́tò) àti rọ́bà ṣáàfùtù (èyí tó bo gírísì mọ́ ẹnu irin tó ń yí táyà) á wú, á rọ̀, kò sì ní pẹ́ tẹ́ ẹ máa rà wọ́n. Tó bá di dandan, ẹ fi àkísà nu irin nìkan, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kíá. Pẹtiróòlù, rárá. Èéfín ẹ̀ wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, á máa fà nílẹ̀ títí á fi kan jẹnẹrétọ̀ ẹni kan tàbí iná sìgá, ẹ̀yin sì wà ní ìdùbúlẹ̀ lábẹ́ mọ́tò.

Àwọn kan á tún ní kẹ́ ẹ fọ́n ọ́ìlì dúdú tí wọ́n ti lò sí abẹ́ ẹ̀ kó má baà dípẹtà. Bàbá mi ṣe é fún Peugeot 504 ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo mọ bí wọ́n ṣe gbà á gbọ́ tó. Àmọ́ ọ́ìlì yẹn ló ń mú iyanrìn lẹ̀, òun ló ń di irú ohun tá à ń ha yìí, ó ń jẹ rọ́bà, tí òjò bá sì rọ̀, inú kànga àti odò ló ń lọ. Omi tẹ́ ẹ fi fọ gírísì náà, ẹ má jẹ́ kó ṣàn lọ sí ìdí kànga. Ẹ da ìyẹ̀fun pákó sí ibi tí ọ́ìlì bá kán sí, ẹ gbá a, ẹ kó o sínú àpò ìdọ̀tí.

Ìgbà yìí ni omi líle wá wúlò

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ̀rọ olómi líle kàn ń ṣàn án ni. Mo ti jẹ̀bi lórí èyí rí. Kaawọ́ọ̀ṣì kan ni mo gbé mọ́tò lọ, ọmọ yẹn fi ẹnu ẹ̀rọ tó ń tú omi bí abẹ́rẹ́ kọjú sí rọ́bà ṣáàfùtù, mo dúró níbẹ̀, mò ń wò ó, inú mi dùn pé ó ń mọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mo rí gírísì tó fọ́n yíká inú ríìmù mi, kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ta-ta-ta-ta nígbàkúùgbà tí mo bá yí sìtíárìn. Ṣáàfùtù tuntun ni mo rà.

Ẹnu tó ń tú omi fẹ̀ẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ jìnnà tó 30 cm, kẹ́ ẹ má dúró sójú kan. Ẹ má kọjú ẹ̀ sí rọ́bà ṣáàfùtù àti rọ́bà sìtíárìn, ibi tí ṣáàfùtù ti wọ gíábọ́ọ̀sì, bearing táyà, ẹnu wáyà, àti ráyétọ̀. Àwọn ibi wọ̀nyí, búrọ́ọ̀ṣì àti omi ọ̀sì ti tó wọn.

Ẹ wá mú igi ìgbálẹ̀ yẹn. Lára irin gígùn tó wà lábẹ́ àwọn ilẹ̀kùn mọ́tò, àwọn ihò kéékèèké wà tí omi ń gbà jáde, lábẹ́ ilẹ̀kùn fúnra ẹ̀ náà wọ́n wà. Ẹ ti igi ìgbálẹ̀ bọ̀ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹ yí i. Nínú tèmi, ihò ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà di pátápátá, nígbà tó là, omi pupa tó tó ààbọ̀ ife ló tú sí mi lápá. Omi yẹn ti wà nínú irin yẹn, Ọlọ́run ló mọ ìgbà tó ti wà níbẹ̀. Mọ́tò tó wá láti ibi oníyọ̀, inú irú ihò báyìí ni kẹ́ ẹ ti fi omi tó dáa ṣàn án jù. Tẹ́ ẹ bá sì rí ẹrẹ̀ kíkúnná bí ẹ̀lùbọ́ lórí táńkì epo, àti nínú ẹnu wáyà tí kò yẹ kí ẹrẹ̀ dé, ẹ tún ìbéèrè bi ẹni tó tà á fún yín, ó ṣeé ṣe kí omíyalé ti gbé mọ́tò yẹn rí.

Ẹ tú àwọn táyà wò lẹ́yìn, ẹ fọ inú ríìmù. Ẹ má gbàgbé láti dè nọ́ọ̀tì wọn padà dáadáa.

Lẹ́yìn fífọ̀

Ẹ má tíì dá ike abẹ́ ẹ́ńjìnnì padà ná. Ẹ sọ mọ́tò kalẹ̀, ẹ wà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kẹ́ ẹ máa tẹ bíréékì díẹ̀díẹ̀ níbi tí kò sí mọ́tò níwájú, torí bíréékì tó mumi kì í mú dáadáa lákọ̀ọ́kọ́. Nígbà tó bá gbẹ, ẹ padà sábẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, lórí stand náà o.

Ẹ fi ìdí screwdriver kan irin abẹ́ ẹ̀ káàkiri. Irin tó le á dún kó-kó, èyí tó ti jẹrà á dún pọ̀-pọ̀. Tí ẹnu screwdriver bá wọlé, ọ̀rọ̀ wẹ́dà nìyẹn, ẹ má kùn ún, pàápàá tó bá jẹ́ ibi tí wọ́n de ẹsẹ̀ táyà mọ́. Ìpẹtà tó wà lójú nìkan, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà àti sáńpépà 80 ha á, ẹ fi tínà nù ún, ẹ kun red oxide (ọ̀dà pupa tó ń dènà ìpẹtà), tó bá gbẹ tán ẹ fi undercoat onírọ́bà bò ó lẹ́ẹ̀mejì. Irin gbọ́dọ̀ gbẹ pátápátá kẹ́ ẹ tó kùn ún, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ẹ ti omi mọ́nú nìyẹn, á sì burú ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Mo máa ń fi èyí sí ìgbà ọyẹ́, Disẹ́ńbà sí Jánúárì, torí nǹkan ń gbẹ kíákíá nígbà yẹn. Ẹ má kùn ún sí sàlẹ́ńsà, bíréékì, rọ́bà, àti àwọn ihò tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ là.

Nígbà òjò, tẹ́ ẹ bá ti ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀ dé, ẹ fi ọ̀sì da omi sí abẹ́ ẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ìṣẹ́jú márùn-ún péré, kó tó gbẹ. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn báyìí, mi ò tún gbé pákó ìha mọ́ láti ọdún kejì.

Alẹ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́, ẹ tẹ́ páálí ńlá tó mọ́ sábẹ́ ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì, kẹ́ ẹ fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Tó bá kán dúdú tàbí bíi àwọ̀ kọfí, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni. Pupa tó ń yọ̀, ti gíábọ́ọ̀sì tàbí ti sìtíárìn. Àwọ̀ ewé tàbí pupa tó fẹ́lẹ́ bí omi, ti ráyétọ̀ ni, omi lásán tó mọ́ sì lè jẹ́ ti éésì. Èyí tó bá mọ́ tàbí tó ní àwọ̀ ìyeyè díẹ̀, tó sì wà nítòsí táyà, ó lè jẹ́ ti bíréékì, ẹ má wa mọ́tò náà mọ́ títí mẹkáníìkì á fi wò ó.

Páálí tèmi, ẹ̀kán mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀ láàárọ̀, dúdú, gbogbo ẹ̀ lójú kan. Mo wa mọ́tò náà bíi 50 km, mo tún wọ abẹ́ ẹ̀, mo sì rí i: ìlà ọ́ìlì kan tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, lórí irin tó ti mọ́. Mẹkáníìkì mi fi ìka tọ ọ́ dé òkè, ó ní, "Valve cover gasket ni, ẹ̀gbọ́n." Rọ́bà tí wọ́n fi dí ìdérí orí ẹ́ńjìnnì nìyẹn, kò gbà á tó wákàtí méjì láti pààrọ̀ ẹ̀.